Kánọ́ọ̀nù Ransome-Kuti, Olùkọ́ Orin Àwọn Ọmọdé



Ẹni tí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ ọjà Aswani kọjá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ bí ariwo ti máa ń pọ̀ tó ní àdúgbò wa. Àwọn oníṣòwò a tẹ́ aṣọ sílẹ̀ láti kùtùkùtù òwúrọ̀, àwọn ọkọ̀ tí ń lọ sí Òṣòdì a máa fọn fèrè láìsinmi, ẹ̀rọ amúnáwá àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní Ìsọlọ̀ Industrial Estate a sì máa kùn bí oyin. Ilé-iṣẹ́ aṣọ tí ọjà náà ti gba orúkọ rẹ̀ ti kógbá sílé, kò hun aṣọ mọ́, ṣùgbọ́n ọjà kò tú. Láàárín gbogbo ariwo yìí ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ti máa ń kọrin ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, tí ohùn wọn a sì máa gba ojú fèrèsé jáde sí òpópónà.

Bàbá kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí dá mi dúró lẹ́yìn Máàsì ní ọjọ́ Àìkú kan. Ó ní òógùn ojú òun ni òun fi ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ òun, kí ọmọ náà lè mọ ìṣirò, kí ó sì lè mọ ìwé kà. Kí wá ni èrè ìdajì wákàtí tí a fi ń kọ́ wọn ní orin lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀? N kò bínú sí i, nítorí ẹni tí ó ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ kì í fi owó ṣeré. Bẹ́ẹ̀ ni n kò sì rí èsì kan fún un lójú ẹsẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ bá mi délé. Nígbà tí mo rò ó títí, ìgbésí ayé ẹnì kan ni ó wá sí mi lọ́kàn, mo sì rò pé ó yẹ kí n sọ ọ́ fún gbogbo ìjọ, kì í ṣe fún bàbá yìí nìkan.

Ẹni náà ni Kánọ́ọ̀nù Josiah Jesse Ransome-Kuti. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fi ọ̀rọ̀ pamọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kì í ṣe ọmọ Ìjọ Àgùdà. Àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà ni, C.M.S. ni ó tọ́ ọ dàgbà, ibẹ̀ náà ni ó sì ti lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ní ìgbà kan rí, ìwé ìjọ bí èyí kì bá tí dárúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ rárá, àfi bí ó bá fẹ́ bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1964 tí Àpéjọ Ńlá Vatican Kejì ti gbé ìwé rẹ̀ jáde lórí ìṣọ̀kan àwọn onígbàgbọ́, a ti kọ́ wa láti máa fi ayọ̀ jẹ́wọ́ ohun rere tí Ọlọ́run ti ọwọ́ àwọn arákùnrin wa tí ó wà ní òdìkejì odi ṣe. Mo rò pé ohun tí Kuti fi orin ṣe wà lára rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìsọlọ̀ àti ní Mushin ni ó mọ orúkọ Fẹlá, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ju bí wọ́n ti mọ orúkọ bàbá àgbà náà lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ-ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ná, kí a lọ sí Abẹ́òkúta.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1855 ni a bí i ní Ìgbẹ̀ìn. Ìlú Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀ kò ju ẹni ọdún 25 lọ ní àkókò náà, nítorí pé ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá wá tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ, lẹ́yìn tí ogun ti fọ́ àwọn ìletò wọn àtijọ́. Àwọn ajíhìnrere C.M.S. sì dé bá wọn níbẹ̀ ní ọdún 1846. Ìyá ọmọ náà wà lára àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tí ó kọ́kọ́ gba ìhìnrere. Bàbá rẹ̀ kò gbà á ní tirẹ̀. Orin kò sì ṣe àjèjì nínú ìdílé wọn. Ẹ wo ipò tí ọmọ náà wà. Bí ó bá bá ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìsìn, orin ìyìn tí ó ti Ẹngilandi wá ni yóò gbọ́. Bí ó bá padà sí agbo ilé, orin ìrẹmọlẹ́kún, oríkì, àti orin ọdún ìbílẹ̀ ni yóò gbà á létí. Ọ̀pọ̀ ọmọ onígbàgbọ́ ayé ìgbà náà ni ó dàgbà láàárín ohùn méjì bẹ́ẹ̀, tí a sì sọ fún wọn pé kí wọ́n gbàgbé ọ̀kan. Ọmọ Kuti yìí kò gbàgbé èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 12, aáwọ̀ tí ó wà láàárín ìjọba òyìnbó ní Èkó àti àwọn ìjòyè Ẹ̀gbá bú gbàmù. Àwọn ènìyàn ya wọ inú àwọn ilé ìsìn ní Abẹ́òkúta, wọ́n kó ohun tí ó wà níbẹ̀ lọ, a sì lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere jáde kúrò nínú ìlú. Ìfọ́lé ni àwọn Ẹ̀gbá ń pe ọ̀ràn náà títí di òní. Ilé-ẹ̀kọ́ tí C.M.S. fi ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ kúrò ní Abẹ́òkúta, ó sì lọ sí Èkó. Láti ìgbà náà wá, ọwọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ni iṣẹ́ ìjọ ní Abẹ́òkúta wà fún ọdún púpọ̀: àwọn ni ó ń wàásù, àwọn ni ó ń kọ́ ọmọ, àwọn ni ó sì ń dá orin. Inú irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ni Kuti ti dàgbà. Òun náà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ yìí, nígbà tí ó sì parí ní ọdún 1876 ó di tíṣà ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Peter's ní Aké. Ọdún mẹ́ta ni ó lò níbẹ̀. Ní ọdún 1879, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 24, a pè é sí Èkó láti wá kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní orin ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin ti C.M.S., èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1869, tí ó sì di apá kan St. Anne's School ní Ìbàdàn ní ọdún 1950.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀, nítorí pé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé kan àwọn ọmọ wa nìyí.

Báwo ni a ṣe ń kọ́ ọmọdé ní orin nígbà náà? Ọ̀nà tí ó gbòde ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Ẹngilandi, tí ó sì bá àwọn ajíhìnrere dé ilẹ̀ wa, ni ti sol-fa. Obìnrin olùkọ́ kan ní ìlú Norwich, Sarah Glover ni orúkọ rẹ̀, ni ó ṣètò rẹ̀. Àlùfáà kan tí ń jẹ́ John Curwen gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún un ṣe, ó sì tàn án káàkiri àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, kí àwọn ọmọ tálákà tí kò ní dùùrù nílé lè ka orin láti inú ìwé. Ṣùgbọ́n Glover kọ́ ni ó bí do, re, mi. Ẹni wa ni ó bí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlá, mọ́ńkì kan ti ẹgbẹ́ Bẹ́nẹ́díkítì Mímọ́, Guido, tí ó ṣiṣẹ́ ní Arezzo ní ilẹ̀ Ítálì, rí i pé àwọn ọmọdékùnrin tí ó ń kọrin nínú ilé ìsìn ń lo ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó mọ orin mélòó kan sórí. Ó ṣàkíyèsí pé nínú orin ìyìn Látìn kan tí a ń kọ ní ọjọ́ Jòhánù Onítẹ̀bọmi Mímọ́, ìlà kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ní ohùn tí ó fi ìpele kan ga ju ti ìlà tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ó mú ìró tí ó bẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan, ó sọ wọ́n di orúkọ fún àwọn ohùn náà: ut, re, mi, fa, sol, la. Nítorí àwọn ọmọdé ni ó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀bùn mọ́ńkì Àgùdà ṣe gba ọwọ́ àwọn Pùròtẹ́sítáńtì dé Abẹ́òkúta, kò sì sí ẹni tí ó bi í léèrè ní ibodè pé ìjọ wo ni ó ti wá.

Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó tún rí iṣẹ́ mìíràn ṣe. Àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá mú mẹ́ta nínú àwọn orúkọ náà láti fi pe ohùn mẹ́ta inú èdè wa: dò fún ohùn ìsàlẹ̀, re fún ohùn àárín, mí fún ohùn òkè. Ọmọ tí ó bá ti jókòó nínú kíláàsì Yorùbá rí mọ èyí. Èdè tí a ń sọ lójoojúmọ́ ti ní orin nínú kí a tó kọrin rárá.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Àwọn bàbá ìjọ túmọ̀ orin ìyìn Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, ìtumọ̀ náà sì dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn orin òyìnbó ni wọ́n gbé e lé lórí, ohùn òyìnbó kò sì mọ̀ bí ọ̀rọ̀ Yorùbá ti ń gòkè tàbí bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kékeré kan. Ọ̀wọ̀ ni a fẹ́ fi fún Ọlọ́run: dò dò. Bí ohùn orin bá sọ̀ kalẹ̀ láàárín ìró méjèèjì, re dò ni yóò jẹ́, a ó sì ti fún Ọlọ́run ní ọwọ̀ tí a fi ń gbá ilẹ̀. Bí ó bá gòkè, ọwọ́ ni, èyí tí a fi ń jẹun. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nìyí. Ẹ wo bí yóò ti rí nínú orin oníbẹ́ẹ̀sì mẹ́fà. Bí olùkọ́ bá tilẹ̀ wá ohùn tí ó bá ìlà kìíní mu rẹ́gí, nígbà tí ó bá dé bẹ́ẹ̀sì kejì àwọn ọ̀rọ̀ ti yí padà, ohùn wọn náà sì ti yí padà, ṣùgbọ́n orin kò yí. Àwọn àgbà kò kà á sí, nítorí pé ìwé orin wà lọ́wọ́ wọn, ojú wọn sì ń ran etí wọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọdé tí kò tíì mọ ìwé kà ni ó ń gbọ́ ohun tí a kọ ní ti gidi. Àwọn náà ni ó sì máa ń rẹ́rìn-ín.

Mo mọ̀ ohun tí mo ń sọ. Ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kan tí n kò ní dárúkọ, ní ìgbà èwe mi, a kọ́ wa ní orin Látìn àti orin Gẹ̀ẹ́sì, a sì kọ wọ́n dáradára tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò fi ń pàtẹ́wọ́ fún wa. Fún odidi ọdún márùn-ún ni mo fi kọ orin kan sí Ìyá wa Màríà láìmọ ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí olùkọ́ wa bá wa níbi tí a gbé ń fi ohùn orin òṣùpá kọ orúkọ Jésù, ó nà wá. Orin náà dùn, ara mi kò sì gbàgbé pàṣán náà.

Kuti yan ọ̀nà mìíràn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi ọ̀rọ̀. Ó ń fetí sí bí àwọn ènìyàn ti ń sọ ọ́ lẹ́nu, ó sì ń jẹ́ kí ohùn orin tẹ̀ lé e. Ó tún mú ohùn orin tí àwọn ará ilé ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì fi ìhìnrere sí i lẹ́nu. Orin bẹ́ẹ̀ kì í sábà ní bẹ́ẹ̀sì gígùn. Ẹnì kan a dá a, àwọn yòókù a gbè é, ègbè náà a sì máa padà wá láìyí padà, kí ẹni tí kò mọ ìwé kà lè mú un lọ sílé lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan péré. Kí ohùn orin má gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ gbé ń sọ̀ kalẹ̀, kí ó má sì sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ gbé ń gòkè: ibi tí iṣẹ́ náà fìdí múlẹ̀ sí nìyẹn. Ó rọrùn láti sọ. Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú rẹ̀ rí yóò mọ̀ pé ó lè gba odidi alẹ́ kí ìlà mẹ́rin tó jókòó dáradára.

Kì í ṣe gbogbo onígbàgbọ́ ayé ìgbà náà ni inú rẹ̀ dùn sí irú orin yìí. Àwọn kan ti fi ilé àti ará sílẹ̀ nítorí Kristi, wọ́n ti jìyà, wọ́n ti pàdánù ogún. Bí wọ́n bá wá gbọ́ nínú ilé ìsìn ohùn kan tí ó jọ ti agbo òrìṣà tí wọ́n sá kúrò nínú rẹ̀, àyà wọn a já. N kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí iná bá ti jó rí ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀rù eérú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí a bí sínú ìgbàgbọ́ kò ní irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni orin náà ṣe wọ̀ wọ́n lára kíákíá.

Ní ọdún 1882 ó gbé Bertha Olubi níyàwó. Ní ọdún 1891 a fi í ṣe kátíkíìsì ní Gbágùrá, ní Abẹ́òkúta, ní ọdún kan náà tí a bí ọmọ wọn Israel Olúdọ̀tun. A fi í jẹ díákónì ní 1895, a sì fi í jẹ àlùfáà ní 1897. Lẹ́yìn èyí ó di olùṣọ́-àgùntàn ìjọ St. Peter's ní Aké, níbi tí ó ti jẹ́ tíṣà ní ìgbà èwe rẹ̀, ó sì di alábòójútó iṣẹ́ C.M.S. ní agbègbè Abẹ́òkúta. Ní 1922 a fi í jẹ Kánọ́ọ̀nù ní Kàtídírà Kristi ní Èkó. Oyè wọ̀nyí pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe oyè ni àwọn ènìyàn fi ń pè é. Nígbà tí Isaac Délànọ̀ kọ ìwé lórí ìgbésí ayé rẹ̀ ní ọdún 1942, àlùfáà tí ń kọrin ni ó pè é ní àkọlé ìwé náà. Bí ó bá dé ìletò kan láti wàásù, orin ni yóò kọ́kọ́ gbé sókè. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá sì ti ń gbè é, ìwàásù ti bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1922, nígbà tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, ó wà ní Ẹngilandi, ilé-iṣẹ́ àwo orin Zonophone sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Orin Yorùbá tí ó lé ní 40 ni ó kọ fún wọn, tí a sì ń fi dùùrù píánò gbè é lẹ́sẹ̀. Ó wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí tí a kọ́kọ́ gba ohùn wọn sí àwo. Àwọn orin náà kò ṣègbé. A ti tún wọn gbé jáde ní ìgbà tiwa, ẹni tí ó bá sì fẹ́ lè gbọ́ ọ. Mo ti gbọ́ díẹ̀ nínú wọn. Ohùn náà jìnnà, àwo náà sì ń ha bí ẹni ń fi ìyẹ́ adìẹ gbá ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan tí mo ní láti béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Fún mi, ìyẹn ni ó jẹ́ ìyanu.

Kí ni àwọn tiwa ń ṣe ní gbogbo àkókò yìí? Àwọn Fádà S.M.A. ti dé Èkó ní 1868, wọ́n sì dé Abẹ́òkúta ní 1880. Ní ọdún 1895 tí a fi Kuti jẹ díákónì ni Fádà Coquard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé-ìwòsàn Ọkàn Mímọ́ sílẹ̀ ní Lantoro, ní ìlú kan náà. Wọ́n wo aláìsàn, wọ́n kọ́ ọmọ, iṣẹ́ wọn sì wà síbẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n nínú Máàsì olórin, Látìn ni àwọn ọmọ ń kọ. Nígbà tí Póòpù Pius Kẹwàá gbé òfin rẹ̀ jáde lórí orin mímọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 1903, ó fẹ́ lé orin ilé eré jáde kúrò nínú àwọn ilé ìsìn ilẹ̀ Yúróòpù, ó sì ṣe rere púpọ̀. Òfin kan náà ni ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ èdè ìbílẹ̀ nínú Máàsì olórin. Àwọn Fádà wa gbọ́ràn, bí ó ti yẹ kí wọ́n gbọ́ràn. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1955, Póòpù Pius Kejìlá kọ̀wé pé kí àwọn ajíhìnrere má ṣe kóyán orin àwọn ènìyàn tí wọ́n wà láàárín wọn kéré. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejìlá ọdún 1963, Àpéjọ Ńlá Vatican Kejì sọ ọ́ gbangba nínú ìwé rẹ̀ lórí ìsìn mímọ́. Ní orí 119 ó ní kí a fi ipò tí ó tọ́ fún orin ìbílẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tí ìhìnrere ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní orí 115 ó ti kọ́kọ́ pàṣẹ pé kí a máa kọ́ni ní orin ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì. Àṣẹ ni, a kò ní kí ẹni tí ó bá wù nìkan ṣe é. Ní ọdún náà, ó ti pé ọdún 33 tí Kuti ti kú.

Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 1930 ni ó fi ayé sílẹ̀, ní ẹni ọdún 75. Ohun tí ó fi etí ṣe, ẹlòmíràn fi ìwé ṣàlàyé rẹ̀: Thomas Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, tí ó ta dùùrù ní Kàtídírà Kristi ní Èkó láti 1914 títí di 1962, tí ó sì kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọdékùnrin akọrin, tẹ ìwé kan jáde ní 1953 lórí orin Yorùbá. Nínú rẹ̀ ni ó gbé fi hàn bí ohùn orin ti gbọ́dọ̀ bá ohùn ọ̀rọ̀ rìn. Israel Olúdọ̀tun, ọmọ Kuti, ni ọmọ àkọ́kọ́ tí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Abeokuta Grammar School ní 1908, ó di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan náà láti 1932 sí 1954, òun ni ó sì kọ́kọ́ jẹ ààrẹ Ẹgbẹ́ Olùkọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà. Olùkọ́ bí olùkọ́. Ọmọ tirẹ̀ ni Fẹlá, tí a bí ní 1938, tí ó lọ kọ́ orin ní Trinity College of Music ní London ní 1958. Ìjọ Mímọ́ kò lè yin ohun gbogbo tí Fẹlá ṣe, èmi náà kò sì ní yìn ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kọrin ní èdè Yorùbá, ẹ fetí sí i bí ọ̀rọ̀ kì í ti í ṣìnà nínú ohùn. Ilé ni ó ti bá a.

Mo padà sọ́dọ̀ olùkọ́ orin ilé-ẹ̀kọ́ wa, mo sì bá a sọ̀rọ̀ lórí gbogbo èyí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Àwọn ọmọ kò kọ́kọ́ kọrin rárá. Ó ní kí wọ́n sọ ìlà orin náà lẹ́nu bí ẹni ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn èyí ó ní kí wọ́n pa ẹnu dé, kí wọ́n fi imú kùn ún: dò, re, mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pàtẹ́wọ́ sí i, kí wọ́n tó wá gbé ohùn sókè. Ọmọbìnrin kékeré kan kọ ọ̀wọ̀ bí ọwọ̀. Kì í ṣe olùkọ́ ni ó tún un ṣe, ẹnìkejì rẹ̀ ni. Nígbà tí ẹ̀rọ amúnáwá ilé-iṣẹ́ tí ó wà lẹ́yìn odi bẹ̀rẹ̀ sí í ké, àwọn ọmọ fẹ́ pariwo jù ú lọ. Olùkọ́ gbé ọwọ́ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ jẹ́jẹ́, kí wọ́n sì máa gbọ́ ara wọn. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ilé wọn ń sọ Yorùbá: Ígbò wà níbẹ̀, Úrhóbò wà níbẹ̀, Ègùn wà níbẹ̀. Ó ní kí àwọn náà mú orin kan láti ilé wọn wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kí wọ́n sì kọ́ àwọn yòókù bí a ti ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bàbá tí ó bi mí ní ìbéèrè wá síbẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó tẹ̀ lé e, bí ó ti ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pẹ̀lú àpò rẹ̀ ní èjìká títí orin fi parí. Kò sọ ohunkóhun nípa owó ilé-ẹ̀kọ́. Ó béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ bóyá àbúrò ọmọ rẹ̀, tí kò tíì tó ilé-ẹ̀kọ́ lọ, lè máa bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí ìdárayá orin àwọn ọmọdé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.

A gbà á láàyè. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, nínú ilé ìsìn, lẹ́yìn tí àwọn ìyá bá ti gbálẹ̀ tán. A kì í gba owó.